Ọrun Onígi láti Ìsọ̀ Agbẹ́gi kan ní Bẹẹrẹ

Ìsọ̀ tí mo ti ra ọrun yìí wà ní àdúgbò Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, ohun tí mo sì yìn jù níbẹ̀ ni bí ọ̀gá náà ṣe fara balẹ̀ yan fífẹ̀ apá ọrun, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó ń tẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ibi ìdìmú. Kí ó tó fa ilà kankan sára igi ni ó ti gbé e wò lọ́wọ́, nítorí pé igi tó fúyẹ́ nílò apá tó fẹ̀, kí agbára títẹ̀ lè pín káàkiri ara rẹ̀, nígbà tí igi tó wúwo tó sì le lè tín-ín-rín láìṣẹ́. Tèmi fẹ̀ tó íńṣì 2 nítòsí ibi ìdìmú, ó sì ń tín-ín-rín lọ dé ṣóńṣó, níbi tí kò ti ju ìdajì íńṣì lọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ, torí ṣóńṣó tó wúwo a máa dín eré ọfà kù.

Ọ̀pọ̀ oníbàárà gbà pé fífẹ̀ ló ń fún ọrun lágbára. Òótọ́ ni dé àyè kan, ṣùgbọ́n bí a bá sọ fífẹ̀ di ìlọ́po 2, líle apá náà yóò di ìlọ́po 2 péré, bẹ́ẹ̀ bí a bá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po 2, líle náà yóò di ìlọ́po 8. Ìdí nìyí tí ọ̀gá fi ń fi ọ̀bẹ ha ikùn apá náà, ìyẹn ojú tó kọ sí ẹni tó ń ta ọfà, díẹ̀díẹ̀, tí kò sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí fọ́nrán igi má baà já.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, apá ìsàlẹ̀ ń tẹ̀ ju tòkè lọ, wọ́n sì tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ọsán, ìyẹn okùn ọrun, tí wọ́n so mọ́ ọn ni kò dára tó, ó tètè ń dẹ̀. Kí olùrà wá òmíràn.