Ibùdó abẹ́rẹ́ àjẹsára ìjọba ní Houston: ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ síbẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé sí Texas, ẹ gbé e lọ sí ibùdó ìlera ìjọba tí wọ́n ti ń gún ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èyí tí a lọ ní Houston tẹ́ mi lọ́rùn gidi gan-an.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Káàdì tí a gbà n'Íbàdàn kún dáadáa: BCG (ti ikọ́ ife), rọpárọsẹ̀, ibà pọ́njú, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ilé ìwé ní kò tíì tó. Nọ́ọ̀sì ibùdó náà tẹ́ káàdì sílẹ̀, ó ń fìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ èèyi tí wọ́n ń gún nílé nígbà tọ́mọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án kì í wọ ìṣirò ní Texas, torí ohun tí òfin ibí ń fẹ́ ni èyí tọ́mọ gbà lẹ́yìn tó pé ọdún kan. Ti oṣù 15 wọ ìṣirò, àmọ́ èèyi nìkan ló wà nínú ẹ̀, kò sí ṣègede, kò sí rubella, àrùn kan tó jọ èèyi. Chickenpox àti hepatitis A (àrùn ẹ̀dọ̀ kan) kò tilẹ̀ sí lórí káàdì wa, bẹ́ẹ̀ méjì méjì ni Texas ń béèrè. Obìnrin yẹn ò fojú kéré ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ nílé. Ó kàn ń ṣàlàyé títí ó fi yé mi. Ọlọ́run á bùkún un.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ètò ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1994 tó ń pèsè àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tí kò bá ní inṣọ́ránsì tàbí tó wà lórí Medicaid (inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀), títí dé ọdún 18. Wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún iṣẹ́ gígún un, àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ lé ẹni tí kò ní in padà. Gbàrà tọ́mọ ti gba ìkíní nínú gbogbo èyí tó kù, ilé ìwé gbà á wọlé fúngbà díẹ̀, kó máa bá ìyókù lọ.

Ìyá kan ní ìjọ wa ti ní kí n má da ara mi láàmú, kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda. Lóòótọ́, láti 2003 ni Texas ti ń gba òbí láyè láti kọ àjẹsára nítorí ẹ̀rí ọkàn tàbí ẹ̀sìn. Láti September 2025, ẹ lè wa fọ́ọ̀mù náà jáde fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ búra lé e níwájú notary, ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbúra, ọdún méjì ló sì ń lò. Ọmọ tí dókítà bá ní ara rẹ̀ kò gbà á, ìwé tiẹ̀ yàtọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Èyí tó ń dùn mí ni ká fi ìbúra dí àlàfo káàdì lásán. Tí ìjọba bá kéde àjàkálẹ̀ àrùn, wọ́n lè ní kí ọmọ oníyọ̀ǹda jókòó sílé. Ní 2025, èèyi tó bẹ́ sílẹ̀ ní Gaines County mú èèyàn 762 ní Texas, ọmọ ilé ìwé méjì sì kú, àwọn méjèèjì ò gba abẹ́rẹ́. California (2016) àti New York (2019) ti fagi lé ìyọ̀ǹda nítorí ẹ̀sìn, ti dókítà nìkan ló kù níbẹ̀.

Àléébù ibùdó náà ni ìdúró. Ẹ tètè dé láàárọ̀, kí ẹ mú oúnjẹ ọmọ dání. Wọn á tún béèrè bóyá kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sínú ImmTrac2, ìwé àkọsílẹ̀ àjẹsára Texas. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní kọ ọ́. Ẹ fọwọ́ sí i, torí bí káàdì bá sọnù, ibẹ̀ ni ilé ìwé míì á ti rí i.