Ọ̀já tó ń gbé ìdí ajá ró: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ orúnkún

Lọ́jọ́ tí mo gbé Tanímọ̀la dé láti ilé ìwòsàn, ìtọ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ajá tó wọn kìlógíráàmù 34, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló lè fi tẹlẹ̀. Wọ́n ti fá irun ẹsẹ̀ kejì láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀. Báwo ni yóò ṣe dúró tọ̀? Ìdí tí mo fi ra ọ̀já yìí nìyẹn, ọ̀sẹ̀ 12 sì ti kọjá báyìí.

Iṣan tó de egungun itan mọ́ ti ojúgun nínú orúnkún rẹ̀ ló já. TPLO ni wọ́n ṣe fún un: wọ́n rẹ́ òkè egungun ojúgun, wọ́n yí i kí orí rẹ̀ má bàa dagun mọ́, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ dè é. Egungun ni wọ́n rẹ́ o, kì í ṣe awọ lásán. Ojú ọgbẹ́ tòde lè jinná ní bíi ọjọ́ 10 sí 14, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni egungun máa ń gbà kó tó so. Àárín méjèèjì yẹn ni ewu wà: ara ajá ti yá, ó fẹ́ sáré, inú kò sì tíì so.

Aṣọ líle ni ọ̀já náà, wọ́n tẹ́ nǹkan rírọ̀ sí i nínú, ó sì ní ibi ìdìmú méjì. Ẹ ó tì í gba abẹ́ ikùn, níwájú itan gan-an, ẹ ó kó ibi ìdìmú méjèèjì pọ̀ lókè ẹ̀yìn ajá. Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé e sókè bí ẹni gbé garawa omi. Tanímọ̀la takú, kò gbé ẹsẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kejì mo dẹwọ́, títí ọ̀já fi kàn ń fara kan ikùn rẹ̀ lásán. Ó rọra fi ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kan ilẹ̀, ó gbé e, ó tún fi kàn án. Omi bọ́ lójú mi. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kó máa fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹran itan rẹ̀ má bàa fọn. Ẹni tó bá ń fi ọ̀já gbé gbogbo ìdí ajá kúrò nílẹ̀, ó ń dí i lọ́wọ́ ni. Torí kó má ṣubú la ṣe ń lò ó.

Ó ní àléébù. Akọ ni ajá mi, èyí tí mo kọ́kọ́ rà sì bo ibi tó ń gbà tọ̀. Ìtọ̀ rin ín, ó ń rùn, abẹ́ itan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo dá a padà, mo gba èyí tí wọ́n gé àyè sí fún akọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ó tún máa ń yọ̀ síwájú tí ajá bá jókòó, nítorí náà mo ń bọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí a bá wọlé. Ibi ìdìmú rẹ̀ kúrú. Èmi ga, ẹ̀yìn ro mí gan-an kí n tó so aṣọ mọ́ ọn kó lè gùn.

Kò lè dá ajá dúró, ẹ má ṣe fi í rọ́pò okùn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ológbò kan kọjá, okùn àyà ló gbà wá, kì í ṣe ọ̀já. Ìrìn ìṣẹ́jú 5 la máa ń rìn, lẹ́yìn náà ó di inú àgò rẹ̀. Mo tún tẹ́ ẹní sórí gbogbo ibi tó ń yọ̀ nínú ilé.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta kò nílò ọ̀já lórí ilẹ̀ títẹ́jú mọ́, àfi níbi àtẹ̀gùn. Tí ajá yín bá kéré, tówẹ̀lì gígùn kan tó. Ajá ńlá ni mo gbà pé kí ẹ rà á fún.

Àwòrán X-ray ọ̀sẹ̀ kẹjọ fi hàn pé egungun ti ń so dáadáa. Mo ti fọ ọ̀já náà, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò ní fi tọrẹ, torí ọ̀pọ̀ ajá tí orúnkún kan bá já, èkejì náà máa ń já tó bá yá.