Rewáyà tó tún Ìjàpá mi ṣe, tó tún fẹ́ẹ̀ dáná sun ún

Èéfín ló mú mi kọ eléyìí o. Èéfín gidi, tó ń yọ lábẹ́ ìdí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nínú mọ́tò, lọ́jọ́ kejì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yin rewáyà kan bíi kí n gbé e pọ̀n. Àmọ́ ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá tibi èéfín bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ire kankan lẹ́nu mi, bẹ́ẹ̀ ire pọ̀ níbẹ̀.

Ìjàpá ni mọ́tò mi, Volkswagen Beetle 1970, oní 12 volt. Ẹni tó bá ti ní in rí mọ bó ṣe rí, mi ò ní máa ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn fún yín. Àìsàn tó ń ṣe é ni pé láàárọ̀ tí ara ẹ̀ tutù, á sítáàtì, ó kàn máa ń fà tìkọ̀tìkọ̀ ni. Àmọ́ tí mo bá ti wà á lọ síbì kan, tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tí mo wá ṣe àṣìṣe pa á, ó parí nìyẹn. Mo yí kọ́kọ́rọ́, "kọ́!", ẹ̀ẹ̀kan péré, kò tún ní sọ nǹkan kan mọ́. Màá wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn títí á fi tutù.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní bátìrì ni, a ra bátìrì. Ẹnì kejì ní sítátà ni, a pààrọ̀ sítátà, ó ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹrin, "kọ́!" Ìgbà yẹn ni mo pe iléeṣẹ́ kan tó máa ń rán rewáyà wá bá èèyàn nílé, mi ò ní dárúkọ wọn.

Àǹtí tó gbé fóònù bi mí pé ibo ni wọ́n ti máa ki kọ̀ǹpútà bọ̀ ọ́. Mo ní mọ́tò yìí ò níbi tí wọ́n ń ki kọ̀ǹpútà bọ̀. Ó ní kí n wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa. Mo ní Àǹtí, 1970 ni wọ́n ṣe é. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti wo abẹ́ ẹ̀?" Ẹ gbà mí! Ó ní aago mẹ́sàn-án lẹni wọn máa dé, ó dé ní aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú, inú ti ń bí mi kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ọmọkùnrin kékeré kan ni. Ó kí mi, ó bẹ̀ mí torí pé ó pẹ́, ó ń pè mí ní Bàbá (mi ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀ o, àmọ́ ẹ jẹ́ á fìyẹn sílẹ̀). Kò tíì ṣí nǹkan kan tó fi bi mí pé, "Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì yín ńkọ́, ṣé kì í le láti bí ọjọ́ mélòó kan?" Ojú tí mo fi wò ó, òun náà mọ̀. Ìṣòro iná ni mo pè ẹ́ fún, o ń bi mí ní kílọ́ọ̀ṣì! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó oṣù méjì tó ti ń le, kí ló kàn án? Ó kàn ní "Ẹ ṣé sà."

Ó ní kí n kọ́kọ́ wà á kó gbóná, kí n pa á, kí n tan iná iwájú, kí n wá yí kọ́kọ́rọ́. "Kọ́!" Iná ò ṣú, bó ṣe mọ́lẹ̀ kedere náà ló wà. Ó ní ṣé ẹ rí i, ká ní bátìrì ló kú ni, iná yìí ì bá ti rọ. Iná wà, kò kàn rọ́nà dé ọ̀dọ̀ sítátà ni. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn, ó ṣí ìdérí bátìrì (ẹ rántí ìdérí yìí o), ó fi mítà wọ̀n ọ́n, 12.6 volt, bátìrì dáa. Ó wá fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gétíìfù bátìrì, ó ki ìkejì mọ́ ara gíábọ́ọ̀sì, ó ní kí n tún yí i. Iná tó ń sọ nù lójú ọ̀nà, tí kò yẹ kó kọjá 0.5 volt, tó jẹ́ pé 0.2 gan-an ló dáa, 3.4 ló kà! Ó yí ojú mítà sí mi kí n fojú ara mi rí i.

Àlàyé tó ṣe rèé, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu gbogbo àwọn tó ti jẹ owó mi. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, rọ́bà kì í sì í gbé iná, nítorí náà wáyà ẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n hun pẹlẹbẹ bí ìgbànú ló so gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì, ibẹ̀ niná sítátà ń gbà padà sí bátìrì. Tí wáyà yẹn bá bàjẹ́, iná á máa wá ọ̀nà míì, ọ̀nà míì tó sì máa ń rí ni okùn kílọ́ọ̀ṣì, torí irin lòun náà. Iná sítátà kì í ṣe kékeré, á máa sè é, gíríìsì inú ẹ̀ á gbẹ, okùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìdí tí kílọ́ọ̀ṣì fi le nìyẹn o! Mo ya ẹnu sílẹ̀. Mo ti ń da epo sídìí pẹ́dà fóṣù méjì.

Ó gbé okùn jọ́m̀pà jáde, ó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ bọ́dì, ó ní kí n yí i. Kò tíì tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi gbà. Mo pariwo. Ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó tú wáyà yẹn, ó kó o lé mi lọ́wọ́: ẹnu ibi tí bóòtù ti dè é mọ́ ti di àwọ̀ ewé, ó ń rún bí iyọ̀, fọ́nrán tó kù tó dáa ò ju márùn-ún mẹ́fà lọ. Ó fi sánpépà ha ojú irin méjèèjì títí wọ́n fi ń dán, ó de tuntun mọ́ ọn, ó fi gíríìsì bò ó, ó tún wọ̀n ọ́n, 0.1. Ó ní kí n lọ wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó gbóná. Mo dé, mo pa á, mo sítáàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kó bá mi fi rílè (èyí tó máa ń gbé iná bátìrì lọ tààrà bá sítátà) sí i kó lè lágbára sí i, ó ní kò tíì yẹ, pé wáyà láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ dé ẹ̀yìn gùn lóòótọ́ àmọ́ iná tó ń sọ nù níbẹ̀ ò tíì tó nǹkan, kí n má náwó lásán. Rewáyà tó kọ owó!

Ọjọ́ kejì, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé kí n fi mọ́tò yangàn. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló jókòó sí, orí bátìrì gẹ́lẹ́. A ò tíì rìn jìnnà tó fi ní, "Àbúrò, kí ló ń jó?" Kí n tó wẹ̀yìn, èéfín ti gba inú mọ́tò. Àyà mi já! Mo ní ẹ sọ̀ kalẹ̀ ẹ sọ̀ kalẹ̀, mo fa ìjókòó yẹn sóde, mo rí i pé sípírìńgì abẹ́ ẹ̀ ti pọ́n bí ẹyin iná, aṣọ tó yí i ká ti dú. Kò sí ìdérí lórí bátìrì. Ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n mi (ẹ má sọ fún wọn) ló tẹ sípírìńgì lé pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù bátìrì lórí, ló bá so méjèèjì pọ̀.

Ìdérí wà nílé, níbi tí rewáyà dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ mọ́tò. Ó fi ṣe àwo tó ń kó nọ́ọ̀tì sí, nọ́ọ̀tì méjì ṣì wà nínú ẹ̀.

Mo pe iléeṣẹ́. Àǹtí ọjọ́sí náà ni. "Ṣé mọ́tò yín sítáàtì sà?" Mo ní ó sítáàtì. "Ó dáa, a dúpẹ́." Mo ní ó ń jó! Ó ní, "Ìyẹn ò sí lára nǹkan tí ẹ pè wá fún." Mo búra pé máàkì òdo ni màá fún wọn, mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ yẹn fúnra ẹ̀ dé, ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó mú rọ́bà nínípọn tó gé bá ojú bátìrì wá, pẹ̀lú bẹ́líìtì tó ń di ìdérí mú. Kò ṣàwáwí. Ó ní, "Bàbá, bó ṣe gbà yẹn, inú mi dùn, mo gbàgbé." Ká sòótọ́, èmi ni mo gbé ìjókòó padà nígbà tó ń fọwọ́, mi ò sì wo abẹ́ ẹ̀. Mi ò sọ ìyẹn fún Àǹtí fóònù o.

Máàkì: 5 nínú 5. Ẹ̀gbọ́n mi ní òdo ni tòun. Láti ọjọ́ náà, iwájú ló ń jókòó.