Ọ́fíìsì ìlú kékeré kan ní Maine àti ìwé àṣẹ iná sísun

Ẹni tó bá ń gbé ìgbèríko ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, kò ní ṣàì dé ọ́fíìsì ìlú, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó orí ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì ajá àti ti ọdẹ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ yà sí bí wọ́n bá fẹ́ dáná sun ẹ̀ka igi tó kún àgbàlá wọn. Ti ìlú wa ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí.

Ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, mi ò rí nǹkan bù wọ́n kù. Láísẹ́ńsì ajá máa ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ẹni tó bá sì jẹ́ kí oṣù Kìn-ín-ní parí láìtún un gbà yóò san dọ́là 25 lé e. Akọ̀wé ìlú wa a máa rán àwọn èèyàn létí ṣáájú, ó sì máa ń wo ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi dáadáa kó tó fọwọ́ sí i.

Ìwé àṣẹ iná sísun gan-an ló mú mi kọ̀wé. Kò sí owó tí à ń san lé e. Èèyàn lè gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Maine Forest Service, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó igbó, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń mójú tó iná igbó nínú ìlú. Èmi fara mọ́ ti ọ̀gá yìí, torí pé kì í kàn kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ kó sì já ìwé fún un. Ó béèrè bí òkìtì ẹ̀ka náà ṣe tó, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bóyá rọ́bà omi mi gùn dé ibẹ̀, àti ta ni yóò dúró tì í títí eérú yóò fi tutù. Nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀ka igi páìnì nà bo orí òkìtì náà, ó ní kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sí àárín pápá. Ó tún kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ ju ike, táyà tàbí pákó tí wọ́n kùn lọ́dà sí i, nítorí òfin kò gbà á.

Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Oṣù Kẹrin ni àwọn èèyàn ń rọ́ wá gba ìwé yìí jù, ìgbà náà sì léwu gidigidi, nítorí yìnyín ti yọ́ tán, kòríko ọdún tó kọjá ti gbẹ, ewé tútù kò sì tíì yọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1947, lẹ́yìn ọ̀dá tó le, iná jó ilẹ̀ tó ju 200,000 éékà lọ ní Maine, ó sì jó ọ̀pọ̀ ilé ńláńlá ní Bar Harbor kanlẹ̀. Láti ibẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ agbègbè náà ti ṣe àdéhùn ní ọdún 1949 láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ bí iná igbó bá ṣẹ́ yọ.

Àkókò iṣẹ́ wọn nìkan ló ń dùn mí. Ìwé náà kò wà fún ju ọjọ́ tí wọ́n bá já a lọ, nítorí àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mọ bí ewu iná ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣí ọ́fíìsì títí a óò fi jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ti máa ń tì í kí a tó dé. Sátidé pàápàá, ilẹ̀kùn a wà ní títì. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ń gba irú wa là lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò bi wá léèrè ẹ̀ka páìnì níbẹ̀. Bí wọ́n bá lè ṣí ọ́fíìsì di aago méje alẹ́ ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láàárín oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò mọ́.