Àgbéyẹ̀wò HAProxy: pípín èrò ìkànnì sórí sáfà mẹ́ta ní Òṣogbo

HAProxy, sọ́fítíwíà tó ń pín ìbéèrè àwọn oníbàárà, la fi ń pín iṣẹ́ fún sáfà (server) mẹ́ta tó gbé ìkànnì àwọn ilé ìtura àti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo. Ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ ìgbà tí èrò máa ń ya wọlé: oṣù Kẹjọ tí àlejò ọdún Ọ̀ṣun ń wá yàrá, àti ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde. Sáfà kan kì í lè dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gbé.

Ọ̀fẹ́ ni. Willy Tarreau, ará Faransé, ló kọ ọ́, ó sì ti wà láti 2001. Lórí Ubuntu, `sudo apt install haproxy` ti tó, ètò rẹ̀ sì wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, `/etc/haproxy/haproxy.cfg`. Ẹ fi `haproxy -c -f` yẹ fáìlì náà wò kí ẹ tó reload (kí HAProxy tó tún un kà); á sọ ìlà tí àṣìṣe wà gan-an.

Ìlà `balance`, tó ń sọ bí a ó ṣe pín ìbéèrè, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. `roundrobin` ń fún sáfà kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè léra-léra. Ó dọ́gba lójú, àmọ́ ojúewé tó ń wá èsì nínú database (ibi ìpamọ́ dátà) lè gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, nígbà tí àwòrán kékeré ò gba nǹkan kan. Sáfà tó bá ṣe kòńgẹ́ àwọn tó wúwo á rì, àwọn yòókù á máa najú. `leastconn` la dúró lé: ẹni tí ìsopọ̀ ọwọ́ rẹ̀ kéré jù ló ń fún ní tuntun. Bí RAM àwọn sáfà kò bá dọ́gba, ẹ fi `weight` kún un, `weight 2` fún èyí tó ní 4 GB, `weight 1` fún àwọn tó ní 2 GB. Láìsí i, ńṣe lẹ ń gbé àpò ìrẹsì kan náà ru géńdé àti ọmọdé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo `balance source` fún èrò tó ń fi fóònù wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì IP kan, `source` á sì rí gbogbo wọn bí ẹnì kan, á dà wọ́n sórí sáfà kan náà. Láti Òkè-Fìà dé Ìgbóná, fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo èsì. Ìyẹn nìkan ti tó láti ba gbogbo pípín jẹ́.

Bí ẹni tó ti wọlé pẹ̀lú password bá ń rí i pé ìkànnì tún ń ní kó wọlé, session (àkọsílẹ̀ pé ó ti wọlé) ló fa á: PHP, èdè tí a fi kọ ìkànnì, ń tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì orí sáfà tó kọ́kọ́ gbà á, sáfà kejì ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ `cookie SRV insert indirect nocache` sí backend (apá tí ẹ to àwọn sáfà sí nínú fáìlì ètò), kí sáfà kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀ nínú cookie náà, kí oníbàárà lè máa padà sọ́dọ̀ sáfà kan náà. Kíkó session lọ sí Redis (ibi ìpamọ́ kan tí gbogbo sáfà jọ ń lò) dára ju ìyẹn lọ, torí pé bí sáfà kan bá kú, oníbàárà ò ní mọ̀.

Àyẹ̀wò ìlera, ìyẹn wíwò bóyá sáfà ṣì ń ṣiṣẹ́, ni agbára HAProxy gan-an. Nginx ọ̀fẹ́, sọ́fítíwíà mìíràn tó lè pín iṣẹ́, ń dúró kí ìbéèrè oníbàárà kùnà kó tó fura. HAProxy ń yẹ sáfà wò fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì. Bó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, á yọ ọ́. Bó bá yege lẹ́ẹ̀mejì, á dá a padà. Ṣùgbọ́n `check`, ọ̀rọ̀ tó ń tan àyẹ̀wò yìí lórí ìlà sáfà, kò wò ju bóyá port (ẹnu ọ̀nà tí sáfà fi ń gba ìsopọ̀) ṣí bó bá dá wà. Port lè ṣí kí database ti kú. Ẹ fi `option httpchk GET /ilera` sí i, kí ẹ sì kọ `http-check expect status 200` tẹ̀lé e, nítorí pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 302 tó ń darí èèyàn lọ sí ojúewé login náà á kà sí àlàáfíà. Ẹ má sì jẹ́ kí ojúewé ìlera náà le jù: bí gbogbo sáfà bá ń bi database kan náà, tí òun náà sì falẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn ló máa jáde lẹ́ẹ̀kan, 503 (àṣìṣe pé kò sí sáfà tó lè dáhùn) nìkan ni èrò máa rí.

`maxconn` orí sáfà kọ̀ọ̀kan, iye ìsopọ̀ tó pọ̀ jù tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ni mo rí i pé wọ́n ń fojú fò jù. Bí PHP-FPM, tó ń ṣiṣẹ́ PHP lórí sáfà, bá ní `pm.max_children` 20 (iye ìbéèrè tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan), ẹ fún sáfà náà ní `maxconn` tó sún mọ́ 20. Àwọn ìbéèrè tó ṣẹ́ kù á tò sọ́dọ̀ HAProxy, wọn ò ní wó sáfà lulẹ̀. Ẹ kọ `timeout queue 30s`, ìyẹn bí ìbéèrè ṣe lè pẹ́ tó lórí ìlà, torí pé bí kò bá sí, `timeout connect` ló máa lò, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ 5s péré. `slowstart 60s` náà wúlò: sáfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á gba ẹrù díẹ̀díẹ̀.

`option forwardfor`, tó ń fi àdírẹ́sì IP oníbàárà ránṣẹ́ sí sáfà, kò ṣeé gbàgbé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àdírẹ́sì HAProxy nìkan ló máa kún inú lọ́ọ̀gì yín.

Àléébù rẹ̀ kan tó tóbi ni pé bí ẹ̀rọ tí HAProxy wà lórí rẹ̀ bá kú, ìkànnì ti lọ nìyẹn, bí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tiẹ̀ ń mí. Keepalived, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kejì gba iṣẹ́ bí èkíní bá kú, lórí ẹ̀rọ méjì ló ń yanjú rẹ̀, ó nílò àdírẹ́sì IP tó lè ṣí kúrò lórí èkíní sí èkejì. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń yáni ní VPS (sáfà àyálò) ló ń gba ìyẹn láàyè, nítorí náà ẹ bi wọ́n kí ẹ tó sanwó.