Ẹ tú ọ̀rá ara igi yẹn kí ẹ tó sanwó: ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra máńgòrò àti ọsàn grafted ní Àbújá

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, láti Kubwa títí dé Lugbe àti Gwagwalada, òjò ti dé, àwọn tó ń ta igi eléso lẹ́bàá títì sì ti tẹ́ ọjà wọn. Olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń gba owó igi grafted, ìyẹn igi kékeré tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi tó ti ń so mọ́, lọ́wọ́ èèyàn, igi tó hù láti inú kóró lásán ni wọ́n ń gbé fún un. Ẹni tó rà á kò ní mọ̀ àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí kò rí òdòdó, ká má tíì sọ èso.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ara máńgòrò tó hù láti inú kóró, wọ́n á wé ọ̀rá mọ́ ibẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n di ọgbẹ́, wọ́n á wá so káàdì "Kent" tàbí "Keitt", orúkọ oríṣi máńgòrò, mọ́ ọn. Kò sí ẹ̀ka kankan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Máńgòrò inú kóró lè gbà tó ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ kó tó so. Èyí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa máa ń so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́fà, irọ́ ló ń pa.

Nítorí náà, ẹ ní kó tú ọ̀rá náà lójú yín. Bó bá ní igi á kú tí òun bá tú u, a jẹ́ pé igi náà kò tíì tó tà nìyẹn. Ojú ìsopọ̀ tòótọ́ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 25 sókè ilẹ̀. Ẹ ó rí àpá tó dá gẹ̀rẹ́ tàbí tó rí bíi lẹ́tà V, ibẹ̀ á wú díẹ̀, àwọ̀ èèpo tó wà lókè àpá náà kì í sì í bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ẹ di orí igi mú, kí ẹ mì ín jẹ́jẹ́. Bó bá yẹ̀ níbi àpá, kò tíì mú. Bí èèpo bá rí bákan náà láti ìdí dé orí, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ha, ẹ gbé e sílẹ̀.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni igi tí wọ́n lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ̀ka òkè ti kú. Igi ìsàlẹ̀ á yọ èéhù, oníṣòwò á gé èyí tó kú dànù, ewé á sì tutù yọ̀yọ̀ lójú oníbàárà. Ẹ fi ìka tọ ewé kọ̀ọ̀kan lọ sí ibi tó ti yọ: ṣé òkè ojú ìsopọ̀ ni, àbí ìsàlẹ̀? Tí ọsàn bá ni, ẹ já ewé kan, kí ẹ fọwọ́ run ún, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́móònù tí èèpo rẹ̀ rí págunpàgun ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìsàlẹ̀ ọsàn. Bí ewé náà bá ń ta sánsán bíi lẹ́móònù, tí ẹ̀gún gígùn sì pọ̀ lára igi, ọsàn dídùn kọ́ lẹ fẹ́ rà yẹn.

Ẹ má gba èyí tó jẹ́ ewé àkọ́yọ nìkan ló ní. Ẹ̀ka tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ lè fi oúnjẹ inú ara rẹ̀ yọ ewé kó tó di pé ó mú, lẹ́yìn náà ni yóò rọ. Ẹ dúró de ewé ẹlẹ́ẹ̀kejì, kó ti le, kó ti dúdú. Igi tó ti ní èso nígbà tó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n gbìn ín sí kì í ṣe ẹ̀rí: ara igi tó ti ń so ni wọ́n ti gé ẹ̀ka yẹn, ẹ já èso náà kó má baà mu agbára rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín ni ìtànjẹ kejì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó fi fọ́tò ewé ránṣẹ́ sí oníṣòwò, yóò sì ní kí ẹ wá ra òògùn inú ìgò. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ewé tuntun máńgòrò máa ń pupa bíi bàbà, ó sì máa ń rọ̀ wálẹ̀. Bó ṣe ń jáde nìyẹn, kì í ṣe àrùn. Bó bá jẹ́ ewé àgbà ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, oúnjẹ ilẹ̀ ni kò tó, pàápàá náítírójìn. Bó bá jẹ́ ewé òkè ló pọ́n tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, ẹ wo ìdí rẹ̀: amọ̀ pupa wa yìí máa ń gba omi dúró, gbòǹgbò inú omi kò sì lè fa irin, tó wà lára oúnjẹ igi. Kí ẹ tó gbin òmíràn, ẹ da garawa omi kan sínú ihò. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ wá ibòmíràn. Etí ewé tó gbẹ bí ẹni fi iná jó o sábà máa ń wá láti ara ìgbẹ́ adìẹ tútù tàbí ajílẹ̀ tí wọ́n kó jọ sídìí igi. Ẹ̀kúnwọ́ kan ajílẹ̀ NPK 15-15-15 ti tó, kó jìnnà sídìí ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó sì jẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì tí ẹ ti gbìn ín. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan ara igi nítorí ikán. Tí gbogbo igi bá pọ́n, tí òkè ojú ìsopọ̀ sì wú, ọ̀rá tí ẹ kò tú ló ń fún un lọ́rùn. Ẹ fi abẹ là á kíákíá.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti tà fún, ẹ má fà á tu. Tí igi inú kóró yẹn bá ti nípọn tó pẹ́ńsù, ẹ lè lẹ̀ ẹ́ níbi tó wà. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 20 sókè ilẹ̀, kí ẹ là á láàárín. Ẹ gé ẹ̀ka sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lára máńgòrò tí ẹ ti jẹ èso rẹ̀, kí nínípọn wọn bára mu, kí ẹ já gbogbo ewé rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, kí ẹ kì í bọ ojú ibi tí ẹ là, kí èèpo kan èèpo. Ẹ fi ọ̀rá wé e le, kí ẹ sì fi ọ̀rá funfun míì bò ó lórí títí yóò fi rúwé, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Èéhù yòówù tó bá yọ nísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ já a dànù.