Mo sọ gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù: àgbéyẹ̀wò oníná tó ṣe wáyà tíríì-féèsì fún mi

Ó lé ní ọdún kan báyìí tí ọkọ̀ mi ti ń sùn síta, tí ẹ̀rọ igi sì gba gáréèjì mọ́ ọn lọ́wọ́. Onílé ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà ní Bódìjà, nítòsí ọjà pákó, ló fowó lé owó ilé débi tí apá mi ò ká a mọ́. Mo bá kó ẹrù mi wálé ní Àkóbọ̀: ayùn oníná hóòsì mẹ́ta, ẹ̀rọ ìfági hóòsì márùn-ún, àti fáànù ńlá tó ń fa dọ́ọ̀sì. Tíríì-féèsì ni ayùn àti ìfági, ìyẹn ni pé wáyà iná mẹ́ta ni wọ́n ń lò; síńgù-féèsì, oníwáyà iná kan ṣoṣo, sì ni iná ilé mi.

Ọ̀rọ̀ mítà, kí n yára sọ ọ́ kó lọ, torí ó ṣì ń bí mi nínú. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀, fọ́ọ̀mù lónìí, “ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀” lọ́la, kí iléeṣẹ́ iná tó pààrọ̀ rẹ̀ sí ti tíríì-féèsì fún mi. Oníná tó ṣe inú gáréèjì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò mú wáyà kankan dání. Àkísà ló bèèrè. Ó nu ara mótò ẹ̀rọ títí tó fi rí àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Lára ti ayùn, fóòtì 230/400 ló wà níbẹ̀; lára ti ìfági, 400/690. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ra ẹ̀rọ, mi ò kà á rí. Ó ní iná tíríì-féèsì tiwa, tí àwọn ń pè ní 415, ti ayùn gbọ́dọ̀ wà ní sítáà, ti ìfági gbọ́dọ̀ wà ní dẹ́lítà, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà so wáyà inú mótò. Ẹni tó bá so ayùn yẹn ní dẹ́lítà, kò ní pẹ́ tí mótò rẹ̀ yóò fi jó. Ẹni tó bá sì so ìfági ní sítáà, ẹ̀rọ náà ò ní lágbára tó máa fi fá igi apá.

Ìwé ọjà tó kọ fún mi gùn ju ìwé ẹrù ìyàwó lọ. Wáyà onírin 16mm, mẹ́rin nínú ọ̀kan, láti ìdí mítà dé gáréèjì. Àpótí brékà lọ́tọ̀. Brékà tó ń gé iná tó bá ń jò. Sítátà, tí a fi ń tan ẹ̀rọ tí a sì fi ń pa á, fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì méjì, tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá jò lè gba ibẹ̀ wọ ilẹ̀. Àti àpótí kékeré kan tó pè ní féèsì-féílọ̀, tó ń gé iná kúrò lára ẹ̀rọ bí féèsì kan bá lọ. Mo ní ṣé 16 ò ti pọ̀ jù, torí 4mm lẹni tó ṣe ti Bódìjà lò, ó sì ṣiṣẹ́. Ó bi mí pé mótò ti Bódìjà dà? Mo dákẹ́. Mótò àkọ́kọ́ ti jóná níbẹ̀. Féèsì kan lọ, ẹ̀rọ ò kú, ó kàn ń kùn bí oyin. Méjì tó kù ló ń gbé ẹrù mẹ́ta, wáyà inú rẹ̀ gbóná, èéfín yọ, èmi sì dúró tì í, mo rò pé igi ló le.

Síbẹ̀, mo ní kó yọ féèsì-féílọ̀ yẹn kúrò nínú ìwé. Owó òfò ni mo pè é. Kò gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó mọṣẹ́. Olókùúta ni ilẹ̀ wa. Ọ̀pá àkọ́kọ́ ò wọlé dáadáa, mítà tó fi ń wọn ẹ́ẹ̀tì ka 41 óòmù, bẹ́ẹ̀ bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Mo ti ra iyọ̀ àti èédú sílẹ̀ ní tèmi, torí ohun tí mo mọ̀ pé wọ́n máa ń dà síbẹ̀ nìyẹn. Ó ní iyọ̀ á jẹ ọ̀pá, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ. Ó gbẹ́ ihò mìíràn sápá ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, ó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, mítà wá sí 7. Iyọ̀ yẹn la ṣì ń fi se ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a tan iná, ẹ̀yìn ni ayùn ń yí sí. Ó ti yọ bẹ́líìtì rẹ̀ kó tó tan án, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ó pa iná, ó pààrọ̀ wáyà méjì síra wọn, ó tún un tàn, ó yí síwájú.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni òjò kan rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì ayùn, kò dún. Fáànù ń yí nínú ilé, tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀, fíríìjì nìkan ló dákẹ́, mi ò sì kà á sí. Mo pe oníná, mo sọ̀rọ̀ sí i, kò dáa lẹ́nu mi.

“Ẹ̀gbọ́n, iná wo ló ń tàn lára àpótí kékeré yẹn?”

“Pupa.”

“Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ jáde síta, ẹ wojú òpó.”

Fíúùsì féèsì kan ti já lórí òpó, ó ń fì dirodiro. Àpótí tí mo pè lówó òfò ti gé iná kúrò lára ẹ̀rọ kí n tó jí.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó náà wà o. Ọjọ́ mẹ́ta ló dá, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Máàkà ló fi kọ orúkọ sára brékà, ó ti ń pa rẹ́. Èyí tó dùn mí jù, ògiri ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ gbé sítátà ayùn sí, débi pé mo ní láti yí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ po kí n tó lè pa á. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ó tú u, ó gbé e wá sọ́gangan orúnkún mi, tí mo lè fẹsẹ̀ tì í pa bí ọwọ́ mi méjèèjì bá wà lára pákó. Kò gba owó mìíràn fún ìyẹn. 185,000 náírà ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀, láìka ọjà mọ́ ọn, mo sì máa tún pè é bí iṣẹ́ bá tún délẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ ṣírò owó iná náà. Band A ni wá, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, èyí tí wọ́n gbé owó rẹ̀ lọ sí 225 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan ní April 2024. Ní iye yẹn, wákàtí kan tí ìfági mi bá fi ṣiṣẹ́ tokuntokun ń lé ní 900 náírà. Bí iná bá lọ, jẹ́ńẹ́rétọ̀ síńgù-féèsì ilé ò lè gbé e. Oníná ní ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ síńgù-féèsì di tíríì-féèsì fóòtì 230, tí ayùn lè bá lọ bí òun bá yí i sí dẹ́lítà. Mi ò tíì ra á.

Ihò tó lu sára ògiri láti gba wáyà kọjá ló kù tí kò tíì rẹ́. Ó ní Sátidé lòun ń bọ̀. Sátidé ẹlẹ́ẹ̀kẹrin nìyí, alángbá ti ń gbé inú rẹ̀.